Ẹni tó tà á pè é ní kẹ̀kẹ́, òfin ńkọ́?

Òǹkàwé kan kọ̀wé béèrè pé: "Ọ̀gá, mo ra kẹ̀kẹ́ oníná kan. Wọ́n kọ 1000 wáàtì sí i lára, ó sì ń sá tó kìlómítà 45 láàárín wákàtí kan láìjẹ́ pé mo fẹsẹ̀ kan pẹ́dàlì rárá. Ẹni tó tà á fún mi ní kẹ̀kẹ́ lásán ni, pé kò gba láísẹ́ǹsì, kò gba nọ́ńbà. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, náà ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n ra sùkútà oníná, èyí tí wọ́n ń dúró lórí rẹ̀ gùn, fún òun. Ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹni tó tà á? Ibo la ti lè gùn wọ́n, kí ló sì yẹ ká ṣọ́ra fún?"

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e bọ́ sójú títì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé tiwọn wá bá mi, ọlọ́pàá ló ti kọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀: ohun tí ẹ rà yẹn ní pẹ́dàlì, ìjókòó rẹ̀ tín-ín-rín, ó jọ kẹ̀kẹ́ téèyàn bá wò ó láti òkèèrè, ṣùgbọ́n lójú òfin níbi púpọ̀ láyé, alùpùpù ni. Ti ọmọ yín, ẹ má tíì rà á. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Òfin kì í wo bí nǹkan ṣe rí lójú. Ohun mẹ́ta ló máa ń wá. Àkọ́kọ́ ni agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀, ìyẹn iye wáàtì. Ìkejì ni ibi tí eré máa dé tí ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ fi dákẹ́, kó wá ku ẹsẹ̀ yín nìkan. Ìkẹta ni èyí tí àwọn èèyàn kì í kà sí: kí ló ń jí ẹ́ńjìnì náà? Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń wa pẹ́dàlì nìkan ló máa ń tì yín lẹ́yìn, ọ̀nà kan nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn máa fọwọ́ yí throttle bíi ti alùpùpù, tàbí kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan, tó sì gbéra, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, 250 wáàtì ni òpin. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ jáwọ́ bí eré bá ti pé kìlómítà 25 láàárín wákàtí kan, ẹsẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ máa jí i. Èyí tó bá bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu, kẹ̀kẹ́ ni: kò gba láísẹ́ǹsì, kò gba nọ́ńbà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ló sì ń gbà. Èyí tó bá kọjá ibẹ̀ títí dé 45, àárín àwọn alùpùpù kékeré ni wọ́n kó o sí, láísẹ́ǹsì, nọ́ńbà, ìwé adójútòfò àti akoto sì di dandan. Bìrìtéènì mú 250 àti 25 yẹn kan náà, wọ́n wá fi kún un pé ẹni tó máa gùn ún gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 14.

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ ti rí bákan. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2002 ka kẹ̀kẹ́ oníná tí agbára rẹ̀ kò tó 750 wáàtì, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ nìkan kò lè gbé e sáré tó máìlì 20, sí ọjà bíi kẹ̀kẹ́ yòókù. Àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ibi tó lè gbà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ pín in sí ìsọ̀rí mẹ́ta: ìkíní ń fẹsẹ̀ jí, ó ń dúró ní máìlì 20, ìkejì ń fọwọ́ jí, máìlì 20 náà ni, ìkẹta ń dé máìlì 28, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń jí i. Máìlì 28 yẹn, kìlómítà 45 ni. Mo fura pé ibẹ̀ ni ẹni tó tà á ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí kò sọ ni pé tiyín ń fi ọwọ́ lásán dé 45, àti pé 1000 wáàtì ti fo 750 kọjá. Kò wọ ìkankan nínú ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá gbé e lọ sí Ṣáínà tí kẹ̀kẹ́ oníná pọ̀ sí jù lọ láyé, ibẹ̀ náà, 25 ni òpin eré kẹ̀kẹ́ oníná. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, alùpùpù ni wọ́n ń pè é.

Nítorí náà, ẹ yí kẹ̀kẹ́ yín dùbúlẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Lára irin tó wà lábẹ́ ìjókòó, tàbí nítòsí ibi tí pẹ́dàlì so mọ́, ó yẹ kí pátákó kékeré kan wà tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, agbára rẹ̀ àti eré rẹ̀ sí. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù sábà máa ń ní àmì ìlànà EN 15194 lára. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹ́ńjìnì gan-an, èyí tó sábà máa ń wà láàárín táyà ẹ̀yìn: wọ́n máa ń gbẹ́ fóòtì (ìyẹn volt, V) àti wáàtì sí irin rẹ̀. Kí méjèèjì bára mu. Mo ti rí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n lẹ 250 wáàtì mọ́ ọn lára mọ́júmọ́jú. Mo fi èékánná ṣí sítíkà náà, 1000 ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ sí irin ketekete. Ẹni tó gbé e wá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Òun ni ọlọ́pàá ì bá sì mú.

Wọ́n lè sọ fún yín pé kí ẹ fi fóònù dín eré rẹ̀ kù sí 25, pé ó parí. Kò parí. Ní Bìrìtéènì fún àpẹẹrẹ, bí bọ́tìnnì kan bá wà lára rẹ̀ tó lè gbé e kọjá 25, ì báà ṣe orí ilẹ̀ àdáni nìkan ni wọ́n ní kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ mọ́. Èmi ò tilẹ̀ rí ẹni tó ní irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ tí kì í tẹ̀ ẹ́.

Ibi tó máa ń dun àwọn èèyàn jù kì í ṣe owó ìtanràn. Bí kẹ̀kẹ́ tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ lóòótọ́ bá kọlu ẹnì kan, ọ̀nà kan wà tí òfin máa gbà yanjú rẹ̀. Bí alùpùpù tí kò ní nọ́ńbà, tí kò ní adójútòfò, tí ẹni tó gùn ún kò sì ní láísẹ́ǹsì rẹ̀ bá kọlu ẹnì kan, ẹ̀ṣẹ̀ tó wà lọ́rùn ẹni náà ti pọ̀ kó tó di pé wọ́n wádìí ẹni tó jẹ̀bi ìjàǹbá. Àpò ara rẹ̀ ló sì máa fi tọ́jú ẹni tó fara pa.

Ẹ̀yin wá lè yan ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ẹ lè lọ gba nọ́ńbà àti adójútòfò fún un bíi alùpùpù, tí wọ́n bá lè fọwọ́ sí irú èyí tí ẹ rà níbi tí ẹ wà. Ẹ lè máa gùn ún lórí ilẹ̀ ara yín, tàbí ilẹ̀ ẹni tó yọ̀ǹda fún yín. Tàbí kí ẹ dá a padà, kí ẹ sì gba èyí tó bá òfin mu. Èmi yóò dá a padà. Ọ́fíìsì tó ń fún èèyàn ní láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ni kí ẹ ti béèrè òfin àdúgbò yín, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ọjà lọ́wọ́.

Ó ku sùkútà. Èyí tí àwọn èèyàn ń ṣì jù ni pé wọ́n rò pé òfin kẹ̀kẹ́ ló ń tọ̀ lẹ́yìn. Sùkútà kò ní pẹ́dàlì, torí náà ní ibi púpọ̀, ọ̀tọ̀ ni òfin rẹ̀. Ní Bìrìtéènì, sùkútà tí ẹ fowó ara yín rà kò gbọ́dọ̀ gba títì, kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n ń yá nínú ètò ìdánwò tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní July 2020 nìkan ló lè jáde, láwọn ìlú tó wà nínú ètò náà. Jámánì fàyè gbà á láti June 2019: kìlómítà 20 ni òpin eré, ó gbọ́dọ̀ ní bíréèkì méjì tí ọ̀kan kò gbára lé èkejì, kó sì ní sítíkà adójútòfò lẹ́yìn. Jàpáàn ṣe òfin tirẹ̀ ní July 2023, 20 náà ni, pẹ̀lú nọ́ńbà. Bó bá máa gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n gbà á láyè, ó gbọ́dọ̀ dín eré kù sí 6, kí iná aláwọ̀ ewé sì máa ṣẹ́jú lára rẹ̀ kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lè mọ̀. Ìyẹn wù mí, mi ò purọ́. Síńgápọ̀ ní tirẹ̀ lé e kúrò lọ́nà ẹlẹ́sẹ̀ pátápátá ní November 2019.

Ẹ wá wo ọjọ́ orí. Jámánì, Faransé àti Ítálì ní kó pé 14. Jàpáàn ní 16. Ọmọ yín kò tíì wọ ìkankan. Ó ku ọdún kan péré láwọn ibòmíràn, mo mọ̀, ó sì máa bínú. Ẹ jẹ́ kó fi ọdún yẹn gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ọmọ tó ti mọ bí a ṣe ń wẹ̀yìn kó tó yà, tó mọ bí a ṣe ń fi bíréèkì méjèèjì dúró láìṣubú, kì í pẹ́ mọ sùkútà. Èyí tí kò gun nǹkan kan rí, tó kàn bọ́ sórí ohun tó ń sá 20, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí.

Bí ẹ bá ń gbé nílùú tí wọ́n ti ń yá sùkútà lójú pópó, ẹ má fi òfin ti àyálò mọ òfin ti àdáni. Àwọn ará Paris dìbò ní April 2023, bíi 89 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní àwọn kò fẹ́ sùkútà àyálò mọ́, ó sì kúrò nílẹ̀ kí September tó wọlé. Sùkútà tí èèyàn rà fúnra rẹ̀ ṣì ń rìn níbẹ̀.

Ọtí, fóònù, èèyàn méjì lórí sùkútà kan: rárá sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí n sọ ti ọtí díẹ̀ sí i, torí ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ní Jámánì, ìwọ̀n ọtí tí wọ́n fi ń mú awakọ̀ ni wọ́n fi ń mú ẹni tó gun sùkútà, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ẹni náà sì lè lọ sí i.

Ní ti ewu ojú ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí n fi táyà bẹ̀rẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ ológeere máa ń tó íńṣì 26 sí 28. Ti sùkútà púpọ̀ kò ju 8 àtààbọ̀ sí 10 lọ. Kòtò tí kẹ̀kẹ́ máa gbà kọjá pẹ̀lú ìró "gbì" kan ṣoṣo, táyà sùkútà máa rì sínú rẹ̀ títí dé ìdajì, á dúró gbọnyin, ara yín kò sì ní dúró. Iwájú ni ẹ máa lọ, lórí ọwọ́ rẹ̀, torí ẹ wà lórí ìdúró, apá tó wúwo jù lára yín sì wà lókè. Nítorí náà, ojú ilẹ̀ tó wà ní mítà mẹ́wàá níwájú ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe iwájú táyà gan-an. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ẹsẹ̀ kan wà níwájú èkejì. Bí ẹ bá fẹ́ fa bíréèkì, ẹ kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kí ìdí yín lọ sísàlẹ̀. Irin tó bo ihò gọ́tà àti ọ̀dà funfun ojú títì, bí òjò bá ti tẹ̀ wọ́n, bí ọṣẹ ni wọ́n ṣe ń yọ̀. Ẹ gbà á kọjá gbọọrọ, ẹ má yà lórí rẹ̀.

Mo ní ohun kan tí mo máa ń ní kí gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ṣe. Ẹ wá ilẹ̀ títẹ́jú tí kò sí ọkọ̀. Ẹ fi ẹfun fa ìlà kan sílẹ̀. Ẹ sá bọ̀ ní 25, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó pariwo "dúró!" nígbà tó bá wù ú lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá ìlà náà. Kí ẹni náà fi ẹfun sàmì sí ibi tí ẹ wà nígbà tó pariwo, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ka láti ibẹ̀ dé ibi tí ẹ dúró sí. Ní 25, mítà 7 lẹ ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà kí ọwọ́ yín tó ta sí bíréèkì, mítà 7 ti lọ. Bíréèkì tó dáa máa gba mítà 6 tàbí 7 sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 13 tàbí 14, ìyẹn ní ilẹ̀ gbígbẹ. Kò sí ẹni tó ń rò pé ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ títí ó fi máa fẹsẹ̀ kà á. Ní 45, mítà 12 àtààbọ̀ ti lọ kí bíréèkì tó mú rárá.

Akoto náà ní ìṣirò tirẹ̀. 45 kò tó ìlọ́po méjì 25, àmọ́ agbára tí ẹ máa fi gbá ohun tó wà níwájú lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó já bọ́ láti nǹkan bíi mítà 2 àtààbọ̀ máa fi eré 25 kanlẹ̀. Kó tó fi 45 kanlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ já láti nǹkan bíi mítà 8. Akoto kẹ̀kẹ́ tó ní àmì EN 1078, eré tó sún mọ́ 20 ni wọ́n fi máa ń já a lulẹ̀ láti dán an wò. Ó tó fún kẹ̀kẹ́ tó dúró ní 25. Fún ohun tó ń sá 45, ẹ wá èyí tó ní NTA 8776, tí àwọn ará Netherlands ṣe ìlànà rẹ̀ nítorí kẹ̀kẹ́ oníná eléré, tàbí akoto alùpùpù. Ítálì ti sọ akoto di dandan fún gbogbo ẹni tó bá gun sùkútà láti December 2024. Ibi tí òfin kò ti sọ nǹkan kan, agbárí kò mọ̀ bóyá òfin sọ ọ́ tàbí kò sọ.

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, èèyàn ní láti wà lórí kẹ̀kẹ́ kó tó ṣẹlẹ̀ sí i. Bátìrì kò dúró dè yín. Ìgbà tí ẹ bá sùn ló máa ń ṣe tirẹ̀.

Ọkùnrin kan gbé sùkútà wá bá mi, ó ní kì í pẹ́ kó tó kú mọ́, àti pé ó ń rùn bí ohun tí wọ́n fi ń pa èékánná láró. Mo tú abẹ́ rẹ̀. Bátìrì náà ti wú, ike tí wọ́n fi dì í ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kó gbé ṣájà rẹ̀ wá. Ẹnu ṣájà náà wọ ojú ihò sùkútà wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tilẹ̀ fún un. Mo yí i, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀: 54.6 fóòtì. Bátìrì rẹ̀, 36 fóòtì ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Bátìrì 36 fóòtì, sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá ni wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń kún ní 4.2 fóòtì, kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀. Mẹ́wàá lọ́nà 4.2 jẹ́ 42. Torí náà ṣájà bátìrì 36 gbọ́dọ̀ kọ 42. Bátìrì 48 ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́tàlá, ṣájà tirẹ̀ sì ń kọ 54.6. Èyí tí ọkùnrin yẹn yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti 48 ni. Pátákó kékeré kan máa ń wà nínú bátìrì tó ń ṣọ́ ọ kó má kún àkúnjù, ó sì dájú pé òun ló gba ọkùnrin náà là láwọn alẹ́ tó kọ́kọ́ lò ó. Àmọ́ pátákó yẹn náà ń rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì lithium tó bá gbóná kọjá ààlà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú ooru jáde fúnra rẹ̀, ooru yẹn á ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń tàn káàkiri láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èéfín rẹ̀ lóró. Ẹ lè rò pé ó ti kú, kó tún gbiná. Ní New York, iná tí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀ pa èèyàn 18 lọ́dún 2023, ọdún yẹn kan náà sì ni ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di dandan pé kẹ̀kẹ́ oníná tí wọ́n bá tà gbọ́dọ̀ bá ìlànà ààbò tí wọ́n ń pè ní UL 2849 mu, kí sùkútà bá UL 2272 mu, kí bátìrì bá UL 2271 mu. Ní Ṣáínà, láti August 2021, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ oníná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ibi àtẹ̀gùn ilé gogoro, ká má tíì sọ pé kó ṣájì í níbẹ̀. Ní London, wọn kò gbà á sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti bọ́ọ̀sì láti December 2021 tó bá jẹ́ sùkútà oníná.

Ọ̀nà àbájáde ni Ṣáínà ń ṣọ́, ohun kan náà ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Àwọn tó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn torí pé ibẹ̀ ni àyè wà, àwọn ni mò ń bẹ̀rù fún jù. Bó bá gbiná níbẹ̀, ibo lẹ fẹ́ gbà? Ẹ ṣájì í níbi tí ẹ ti lè rí i, nígbà tí ẹ bá lajú sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tí kò lè jó, kó má sí tìmùtìmù tàbí aṣọ nítòsí. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún dé, ẹ jẹ́ kó tutù fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Bó bá kún, ẹ yọ ọ́. Bí ó bá wú, bí ó bá ń rùn, bí ó bá gbóná tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, bí ó bá ti ṣubú gidi tàbí tó rì sínú omi, ẹ má tún gbé iná sí i mọ́. Ẹ gbé e síta, jìnnà sí ilé, kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Bó bá ti ń yọ èéfín, ẹ má gbé e, ẹ má bá a jà: ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ pe àwọn panápaná.

Ní ti omi, IPX4 tí wọ́n máa ń kọ sí ara sùkútà túmọ̀ sí pé omi tó bá ta sí i lára kò ní wọlé. Kò sọ nǹkan kan nípa kí ẹ wọ àgbàrá, kò sì sọ pé kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi líle fọ̀ ọ́. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Kí ẹ tó dá kẹ̀kẹ́ yẹn padà, ẹ ṣe ohun kan fún mi lálẹ́ òní. Ẹ mú ṣájà tí wọ́n kó mọ́ ọn, ẹ yí i padà, ẹ ka fóòtì tí wọ́n kọ síbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ "output" sí. Ẹ wá ka ti ara bátìrì. Bó bá jẹ́ 42 sí 36, tàbí 54.6 sí 48, ó bára mu. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé e sí iná mọ́, kí ẹ sì ya fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.